Màmá Wolé-wolé àti Adágún Kẹta

Nígbà tí ọkùnrin ilé ìsìnkú fẹ́ dé pósí Màmá, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ibẹ̀ há jù fún wọn. Mo mọ̀ pé òkú kì í ráhùn. Ṣùgbọ́n Màmá kì í lè jókòó wo ìròyìn parí lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí oníròyìn tó sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń wo ojú ọ̀run fúnra wọn. Àwọn náà ló wá sùn gbọọrọ sínú àpótí yẹn, ọwọ́ méjèèjì lórí àyà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ọkùnrin náà pé kó ní sùúrù, ìyá yìí ò tíì ṣe tán.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi náà ò rójú jókòó. Orí tábìlì ìjẹun ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí mò ń kọ yìí, mo dìde, mo lọ kọ díẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ọ́fíìsì, mo tún dìde. Bí ẹ bá rí i pé mò ń fò láti ibì kan sí ibòmíì, ẹ forí jì mí. Bí mo ṣe mọ Màmá náà nìyẹn. Ẹ̀yìn wọn ni mo sábà máa ń rí, nítorí iwájú ni wọ́n máa ń wà.

Ìyá ìyá mi ni wọ́n. Adéọlá lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ní Ìkàrẹ́-Àkókó, Màmá Wolé-wolé ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, nítorí iṣẹ́ wolé-wolé ni wọ́n ṣe fún ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò, wọ́n á yẹ ṣáláńgá wò, wọ́n á yí ẹ̀yìnkùlé ká. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ. Àwọn abúlé kan wà lórí òkè lọ́hùn-ún tí kẹ̀kẹ́ ò lè dé. Màmá máa ń débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn tí Bàbá, ọkọ wọn, kú, Mọ́mì mi, Fúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbí ní Atlanta, lọ mú wọn wá sí ilé wa ní Dacula, ìlú kékeré kan nítòsí ibẹ̀. Mọ́mì ní kí wọ́n wá sinmi. Màmá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, àfi “sinmi” yẹn.

Èmi ni Ìrètí. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ẹnu Màmá ni mo sì ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú Yorùbá tí mò ń kọ yìí. Ohùn mi kì í sábà dúró síbi tó yẹ. Nígbà tí mo tó ẹni tó lè gba láísẹ́ǹsì, mo sáré lọ bá wọn ní kíṣìnì, mo ní, “Màmá, mo fẹ́ wá ọkọ!”

Wọ́n fi ọbẹ̀ tí wọ́n ń rò sílẹ̀. “Ọkọ̀ lo fẹ́ wà ni, àbí ọkọ lo fẹ́ wá?”

Mo ní mọ́tò ni.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Mọ́tò ṣeé dá padà.”

Ní àdúgbò wa ní Dacula, gbogbo ilé ló jọra, kò sì sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn àfi ẹni tó ń fa ajá. Màmá ò ní ajá. Wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jáde láàárọ̀, wọ́n á máa yí àdúgbò ká títí àwọn onílé fi ń yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní ilé kejì sí tiwa ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lẹ́yìnkùlé tó fi tapólì bò, òjò sì ti rọ omi sórí tapólì náà. Màmá wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láìtọrọ àyè, wọ́n bu omi náà sínú ife, wọ́n wá lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ níwájú. Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti night shift dé, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé wọn lọ, ni aago ẹnu ọ̀nà dún. Ọkùnrin náà dúró, Màmá dúró tì í, ife wà lọ́wọ́ wọn, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀.

“Fúnmi, bá mi sọ fún un pé ọmọ ẹ̀fọn ló ń sìn.”

Mọ́mì bẹ ọkùnrin náà títí. Nígbà tó lọ tán, wọ́n kọjú sí ìyá wọn. “Màmá, ẹ ò lè máa wọ ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni níbí! Ìbọn wà nílé àwọn èèyàn yìí o!”

“Ẹ̀fọn tí wọ́n bí sọ́dọ̀ rẹ̀,” ni Màmá dáhùn, “ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa jẹun sí?”

Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín kan ní Norcross ni ọ̀rọ̀ adágún ti wọ ilé wa. Èmi ni mo gbé Màmá lọ. Gbogbo èèyàn jókòó tí wọ́n ń wo fóònù, Màmá ń rìn yíká yàrá bí ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ibẹ̀ wò. Lójijì wọ́n dúró níwájú àwòrán kan lára ògiri. Omi ni, ó dúró jẹ́ẹ́ láàárín àwọn òkè tí orí wọn funfun, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí aró tó ti tó. Wọ́n ní kí n bi obìnrin tó ń gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà bóyá ibi gidi ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Colorado ni, òun fúnra òun ló ya àwòrán náà. Ó ní adágún mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè èkejì, èyí tó wà lára ògiri yìí ló ga jù. Téèyàn bá jí lọ ní ìdájí, á padà délẹ̀ ní ọ̀sán.

“Ṣé ènìyàn máa ń dé ibẹ̀ lóòótọ́?” ni Màmá bi mí.

“Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ, Màmá. Ṣùgbọ́n ó ní ó le gan-an.”

“Mi ò bi í bóyá ó rọrùn.”

Nígbà tí a fi máa dé ilé, wọ́n ti ń bi mí ní irú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ. Mọ́mì gbọ́, wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tí wọ́n rí máàpù tí Màmá ní kí n tẹ̀ jáde lórí tábìlì ìjẹun, tí àwo oúnjẹ ò rí àyè mọ́, ariwo ta. Mọ́mì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni wọ́n ti ń gùn ún. Màmá ní òun náà, láti kékeré ni.

“Màmá, iṣẹ́ ni ìyẹn nígbà náà! Ẹ ti fẹ̀yìn tì! Kí lẹ tún ń wá lórí òkè?”

“Ṣé o fẹ́ kí n máa jókòó de ikú bí ẹni ń de bọ́ọ̀sì?” Màmá tẹ máàpù náà pẹlẹbẹ pẹ̀lú ọwọ́. “Bọ́ọ̀sì ibí yìí pàápàá, kì í tètè dé.”

Ìjà náà pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí àwọn méjèèjì ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀ síra wọn láti ìhà méjì tábìlì kan náà. Màmá ló kọ́kọ́ gbà láti lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. Dókítà mú kí wọ́n rìn lórí ẹ̀rọ, ó wo gbogbo nǹkan, ó ní wọ́n lè lọ bí wọ́n bá ń rọra rìn, bí wọ́n bá ń mu omi, tí wọ́n sì kọ́kọ́ sùn ní ìlú ìsàlẹ̀ òkè kí ara wọn lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀, torí ó fẹ́lẹ́. Mọ́mì ti gbẹ́kẹ̀ lé e pé dókítà á kọ̀. Nígbà tí kò kọ̀, wọ́n gbé báàgì wọn kọ́ èjìká, wọ́n ní, “Tí ẹ bá ń lọ, èmi náà ń lọ. Ta ló máa gbé yín tí ẹ bá ṣubú?”

“Ó dáa,” ni Màmá wí. “Tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.”

Báyìí ni ó ṣe di pé ní gbogbo ọjọ́ tí Mọ́mì bá wà ní off, Stone Mountain là ń lọ. Àpáta lásán ni lójú ẹni tó wá láti Àkókó, ṣùgbọ́n Màmá ní kò burú, a óò fi kọ́ṣẹ́. Màmá á ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, èmi á tẹ̀ lé wọn, Mọ́mì á máa mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà àkọ́kọ́, Mọ́mì jókòó sórí àpáta ní ìdajì ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Màmá padà sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn, wọ́n dúró tì wọ́n. Wọn ò jókòó.

“Fúnmi, láti ìgbà tí o ti dé ìlú yìí, ọ́sípítù, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì. Kí lo tíì rí?”

Mọ́mì tún okùn bàtà wọn so. Wọ́n dìde.

Bàtà òkè náà le, ó ń bó Màmá lẹ́sẹ̀, obìnrin tó tà á fún wa sì ní àfi kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ káàkiri títí yóò fi rọ̀. Màmá wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìró àti bùbá léèsì, gèlè, àti bàtà òkè ńlá tó ń dún gbì gbì lórí ilẹ̀ onípákó. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an ni Pásítọ̀ ń gbàdúrà pé, “Gbogbo òkè tó wà níwájú rẹ lọ́dún yìí, yóò di pẹ̀tẹ́lẹ̀!” Gbogbo ìjọ hó àmín. Màmá pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀, tó bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé kò sí o? Ẹ ò ṣe àmín àdúrà wa lónìí.”

“Òmíràn ni kí ẹ gbà fún mi,” ni wọ́n wí. “Èyí tó wà níwájú mi yìí, mo ṣì fẹ́ gùn ún.”

Màmá ò jẹ́ kí ohunkóhun tí kò wúlò wọ inú báàgì. Èmi ń kó ṣokoléètì àti bísíkíìtì jọ, wọ́n ń yọ wọ́n. Àádùn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi àgbàdo àti epo pupa ṣe fúnra wọn, nítorí kì í bàjẹ́, kì í yọ́, ó sì ń dúró níkùn. Ọ̀rọ̀ òjò ló gbà wọ́n lọ́kàn jù. Mo ti kà á fún wọn pé lókè ibi tí igi ò ti hù mọ́, àrá máa ń sán lọ́sàn-án ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí ibi ìsápamọ́sí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n pe èmi àti Mọ́mì jókòó, wọ́n sì ṣe òfin: “Bí ojú ọ̀run bá ti yí padà, ibi yòówù ká dé, a ó yí padà. Kò ní sí àríyànjiyàn.” A jẹ́ ẹ̀jẹ́ sí i. Mo rò nínú mi pé àwa méjèèjì ni Màmá ń ṣòfin fún.

Ọjọ́ náà pé. Ìdájí la gbéra ní ìlú kékeré tí a sùn sí ní Colorado, òtútù bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì. Ọ̀nà náà gba inú igi páìnì, ó ń lọ sókè láìsinmi. Màmá ń rìn bí ẹni tó ń ka ilẹ̀: ìṣísẹ̀ díẹ̀, èémí, ìṣísẹ̀ díẹ̀, èémí. A dé adágún kìíní nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á, a jẹ àádùn, Màmá ò jẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi tán. Òkúta ló kù, àti koríko, àti òdòdó kéékèèké. Ní adágún kejì, òjò dídì ṣì wà lábẹ́ àpáta, nínú oṣù keje. Màmá bu ú, wọ́n fi pa ojú. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gun ẹ̀gbẹ́ òkè kan. Adágún kẹta wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti òkè ń sọ fún wa pé ó ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, pé ó ju gbogbo àwòrán lọ. Mọ́mì ló ṣáájú báyìí. Nǹkan kan ti wọ inú wọn. Mi ò rí wọn kí wọ́n yára bẹ́ẹ̀ rí. A ti gun òkè náà kọjá ìdajì nígbà tí Màmá dúró. Àwọsánmà kan yọ lẹ́yìn òkè, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Màmá wò ó. Nígbà tí mo fi máa mu omi tán, ó ti di méjì, ìsàlẹ̀ wọn sì ti ṣú.

“Ẹ yí padà,” ni Màmá wí.

Mọ́mì yíjú láti òkè. “Màmá, ó ku díẹ̀! Ẹ wò ó, ẹ̀yìn ibí yìí báyìí ni.”

“Mo rí i.”

“Láti ọdún tó kọjá lẹ ti ń yọ wá lẹ́nu lórí adágún yìí!”

“Mo mọ̀.”

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan kọjá lára wa, wọ́n ń sáré gòkè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mọ́mì nawọ́ sí wọn. “Àwọn yẹn ń lọ!”

“Àwọn yẹn kọ́ ni mo bí.”

Mọ́mì dúró lórí òkúta, omi lé ròrò sí ojú wọn, bí ọmọ kékeré tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo Màmá. Ojú wọn ò kúrò ní orí òkè náà. Wọ́n wò ó pẹ́, bí ẹni ń wo ẹni tí mọ́tò ń gbé lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ẹ̀yìn sí i.

“Adágún ò ní lọ ibì kankan, Fúnmi,” ni wọ́n wí. “Àwa la lè lọ.”

Inú igi ni àrá ti bá wa. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já lù wá bí ẹ̀wà tí wọ́n da sórí páànù. A dé ibi tí a gbé mọ́tò sí, a tutù rinrin. Kò pẹ́, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà dé, wọ́n rin gbingbin, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti rí adágún náà. Mọ́mì wo Màmá.

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó kó wọn yọ,” ni Màmá wí, wọ́n sì wọ mọ́tò.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí pẹ̀lú wọn. Mo rí i pé omi tó wà lójú wọn kì í ṣe ti òjò mọ́, torí wọ́n ti fi táwẹ́ẹ̀lì nu ojú. Mo rọra bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n.

“Ó dùn mí dé eegun. Ṣùgbọ́n pé nǹkan dunni, Ìrètí, kò sọ pé a ṣì í ṣe.”

Ohun tí mo máa ń rántí nìyẹn bí àwọn èèyàn bá sọ pé alágídí ni Màmá. Wọ́n lágídí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ìjọba ò lè dá dúró, tí ọmọ ò lè dá dúró, àwọn fúnra wọn ló yí i padà, níbi tó dùn wọ́n jù.

Màmá ò tíì tú ẹrù wọn tán ní Dacula tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún tó ń bọ̀. Mọ́mì ti tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ìgbà òtútù ni ọkàn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àárẹ̀. Ní ọ́sípítù, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n á sì bá wọn ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú igi tí wọ́n fi omi ìtọ́jú tó ń wọ wọn lára kọ́, wọ́n ń wo inú garawa ìdọ̀tí bóyá wọ́n ti dà á. Nígbà tí wọn ò lè dìde mọ́, ẹsẹ̀ wọn ṣì ń rìn lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo fọwọ́ lé e. Mo ṣèlérí pé a óò dé ibẹ̀, pé a óò gbé fọ́tò wọn lọ, a óò gbé e sẹ́bàá omi náà.

“Ẹ má gbé fọ́tò kankan,” ni wọ́n wí. “Ẹrù lásán ni.”

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ, ọwọ́ Mọ́mì ni wọ́n kú sí. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní Ìkàrẹ́ fẹ́ ká gbé òkú wọn wá sílé. Mọ́mì ní ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni Màmá yóò sùn, ìjà sì wà lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan. Mọ́mì ò yẹsẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, èmi àti Mọ́mì padà lọ. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. A kọjá adágún kìíní, a kọjá èkejì, a gun kọ́lọkọ̀lọ yẹn, a sì yọ sí adágún kẹta. Ó kéré sí èyí tó wà nínú àwòrán. Atẹ́gùn ń fẹ́ wì wì, yìnyín ṣì wà létí omi náà, omi náà sì dúdú lóòótọ́. Mo rò pé Mọ́mì máa kúnlẹ̀, tàbí kí wọ́n kọrin, tàbí kí wọ́n sunkún. Mo ti di ọwọ́ wọn mú sílẹ̀ fún èyí tó bá wá. Wọ́n dúró, wọ́n ń mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí i pé wọn ò wo omi náà mọ́. Òkè tó wà lódì kejì ni wọ́n ń wò, níbi tí ọ̀nà tín-ín-rín kan ti gba àárín àpáta kọjá.

“Ìrètí,” ni wọ́n wí, wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi, “kí ló wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn?”